Ìlà tó wà lójú eyín ọmọ náà: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Ọmọbìnrin náà jẹ́ ọmọ ọdún 2 àti oṣù 4 nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Ìwé kan wà lọ́wọ́ ìyá náà, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ ọmọ wò ṣáájú mi. Gbólóhùn kan péré ló kan eyín nínú rẹ̀: pé ìtànṣán X-ray ló ba eyín ọmọ yìí jẹ́ látinú oyún. Ìyá náà ti ṣí ìwé yẹn, ó ti ká a, ó ti tún un ṣí títí ojú ìká rẹ̀ fi ń ya. Mi ò tíì wo ẹnu ọmọ rárá tó fi sọ fún mi pé, "Dókítà, èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo gbà kí wọ́n ya àwòrán yẹn."

Mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí pé ó gbà wá ní ọdún mẹ́rin kí a tó rí ẹ̀rí tó gbé ẹ̀sùn náà kúrò lọ́rùn rẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ sì ni inú eyín ọmọ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí yẹn wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti yọ gbogbo ohun tó lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wọn mọ̀ kúrò.

Ohun tí mo rí lẹ́nu ọmọ

Eyín iwájú òkè méjì tó wà láàárín ni mo kọ́kọ́ wò. Etí wọn, ibi tí ọmọ fi ń gé nǹkan, dán, ó sì funfun bó ṣe yẹ. Bí mo ṣe ń wò lọ sókè síbi ẹrìgì ni mo bá kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan pàdé tó gba ojú eyín kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Irin tí mo fi ń yẹ eyín wò há síbẹ̀. Ẹ́námẹ́ẹ̀lì, ìyẹn èèpo funfun líle tó bo eyín lójú, ti fẹ́lẹ́ níbẹ̀ débi pé abẹ́ rẹ̀ ń hàn.

Lára eyín iwájú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kòtò kan náà wà, àmọ́ àárín eyín ló bọ́ sí. Lára àwọn eyín ṣóńṣó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ìtòsí orí ṣóńṣó ló wà. Orí eyín ẹ̀yìn àkọ́kọ́ rí págunpàgun, ihò kéékèèké wà lára rẹ̀, igun ọ̀kan sì ti fọ́ dànù. Eyín ẹ̀yìn kejì kò tíì yọ. Ìyá sọ pé ọmọ ti pé oṣù 13 kí eyín àkọ́kọ́ tó yọ jáde. Ìyẹn pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun àjèjì fún ọmọ tó kéré nígbà tí wọ́n bí i.

Gbogbo eyín tó yẹ kó ti yọ ló pé. Títóbi wọn dára. Kò sí èyí tó rí bí èèkàn kékeré, kò sí àlàfo tí a kò retí. Mo kọ èyí sílẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé ó wúlò ju bí ìyá ṣe rò lọ.

Mo yẹ àwọn nǹkan mìíràn tó lè fa irú èyí wò, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ kíá. Bó bá jẹ́ àrùn àjogúnbá èèpo eyín ni, gbogbo ojú eyín ni ì bá kàn, kì í ṣe ìlà kan, kò sì sẹ́ni tó ní irú rẹ̀ nínú ìdílé bàbá tàbí ti ìyá. Ìyá kò lo tẹtirasáíkílìnì, oògùn kòkòrò àrùn tó máa ń yí àwọ̀ eyín ọmọ padà, nínú oyún. Kòkòrò eyín máa ń jẹ ibi tí oúnjẹ bá ti ń dúró sí. Kì í fa ìlà tó dọ́gba lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Oyún náà, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀

Mo ní kí ìyá rẹ̀ sọ gbogbo bí oyún náà ṣe lọ fún mi, mo sì béèrè ìwé ìtọ́jú tirẹ̀ àti ti ọmọ. Èébì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Kì í ṣe èébì àárọ̀ tó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ó ń bì títí ó fi di ọ̀sẹ̀ 31. Ó fọn, kílò 7 ló dínkù nínú oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́. Oògùn fítámì tí wọ́n fún un kì í dúró nínú rẹ̀. Nígbà tó yá kò lò ó mọ́, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Inú yàrá ló máa ń wà lórí ibùsùn, oòrùn kì í kàn án fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ 18, inú rírun kan gbé e dè. Wọ́n fura sí appendix, ìyẹn ìfun kékeré tó lè wú lójijì, skáànì tí a máa ń ṣe fún aboyún kò sì fi nǹkan kan hàn kedere, ni wọ́n bá fi CT scan, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X-ray ya àwòrán inú ara, wo ikùn rẹ̀. Àwòrán yẹn fi hàn pé appendix kọ́, wọn kò sì là á níkùn. Èyí ni "àwòrán yẹn" tó ń bá a sùn tó ń bá a jí. Nínú ìtàn tó ń sọ, èébì oṣù mẹ́fà kò ju gbólóhùn kan lọ. CT scan ìṣẹ́jú díẹ̀ gba wákàtí kan.

Wọ́n bí ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 37, ó wọn kílò 2.3. Ní ọjọ́ kẹfà, gìrì mú un. Ìwé ilé ìwòsàn sọ pé kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n fún un ní kálísíọ̀mù nínú iṣan, gìrì náà dáwọ́ dúró, wọ́n sì padà sílé. Ojú ìwé kejìlá ni mo ti rí èyí. Ìyá kò sọ ọ́ fún mi rárá. Ó rò pé ọ̀rọ̀ tó ti tán ni.

Bí eyín ṣe ń pa ọjọ́ mọ́

Eyín kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá yọ. Ọlẹ̀ kò tíì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí ibi tí eyín yóò ti hù fi ń wú nínú ẹnu rẹ̀ bí èèhù. Nígbà tí ọjọ́ orí ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14, eyín iwájú àárín á bẹ̀rẹ̀ sí í di líle. Eyín ẹ̀yìn àkọ́kọ́ á tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ 15 sí 16, eyín iwájú ẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, eyín ṣóńṣó ní nǹkan bí 17, eyín ẹ̀yìn kejì ní nǹkan bí 18 sí 19. Láti etí tí a fi ń gé oúnjẹ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa kọ́ ara rẹ̀ bọ̀ síhà gbòǹgbò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ, èèpo eyín iwájú àárín ti òkè ti di kíkọ́ dé ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà, ti ẹ̀gbẹ́ dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, ti ṣóńṣó kò sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ èèpo yìí máa ń kú tí eyín bá ti yọ. Egungun tó ṣẹ́ lè so padà, ṣùgbọ́n èèpo eyín tí a kọ́ tí kò dára, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà títí eyín náà yóò fi bọ́. Nítorí náà, bí ìyà kan bá jẹ ọlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, gbogbo eyín tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn ni yóò gba àmì, olúkúlùkù níbi tó kọ́lé dé.

Ẹ wá padà sí ẹnu ọmọ yìí. Ìtòsí ẹrìgì lára eyín àárín, àárín gbùngbùn lára eyín ẹ̀gbẹ́, ìtòsí orí lára eyín ṣóńṣó, àti orí eyín ẹ̀yìn. Ìgbà kan ṣoṣo ló bá gbogbo wọn mu: oṣù méjì sí mẹ́ta tó gbẹ̀yìn oyún, wọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí.

CT scan wáyé ní ọ̀sẹ̀ 18 bí a ṣe ń ka oyún, láti ìgbà nǹkan oṣù tó kẹ́yìn. Ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 16 nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni eyín iwájú àárín ti lò lẹ́nu kíkọ́ èèpo. Etí rẹ̀ gan-an ló ń kọ́ lọ́wọ́. Etí yẹn ni mo sì rí tó dán tó mọ́. Eyín ṣóńṣó kò tíì bẹ̀rẹ̀ èèpo rárá.

Ṣé ìtànṣán náà kò lè ṣe nǹkan kan?

Ó lè ṣe é, bó bá pọ̀ tó. Ìtànṣán máa ń já okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ara rẹ̀ kíákíá ló sì ń ṣe léṣe jù. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ orí tàbí ọrùn nígbà tí wọ́n kéré ti fi bó ṣe ń rí hàn wá: eyín tí kò hù rárá, eyín tó kéré ju bó ṣe yẹ, gbòǹgbò kúkúrú tó ṣẹ́nu ṣóńṣó. Eyín ọmọ tiwa yìí sì pé, títóbi wọn dára, bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Gíréè ni a fi ń wọn irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀. Láti bíi gíréè 10 sókè ni sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ èèpo eyín máa ń bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, tó bá sì tó 30, eyín tó ń hù lè dúró síbi tó dé.

Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún gíréè ni à ń pè ní mílígíréè. Mo kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ya àwòrán ìyá yìí, wọ́n sì ṣe ìṣirò ohun tó dé ilé ọmọ: nǹkan bí mílígíréè 20. Lábẹ́ mílígíréè 100, a kò rí i kí ìtànṣán sọ ọlẹ̀ di alábùkù ara, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán, ICRP, sì sọ ní ọdún 2000 pé irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdí láti ṣẹ́ oyún. Èyí tó ba orí àti ọpọlọ àwọn ọmọ inú oyún jẹ́ ní Hiroshima àti Nagasaki ní 1945 ga ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, àwọn tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 15 ló sì ṣe jù.

Mi ò sọ pé ìtànṣán kò jẹ́ nǹkan kan fún aboyún. Ewu jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú kì í di òfo, bó ti wù kó kéré tó, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í ṣeré. Ohun tí mò ń sọ ni pé mílígíréè 20 ní ọ̀sẹ̀ 16 kò lè gbẹ́ kòtò sí ibi tí eyín kò ní kọ́lé dé fún nǹkan bí oṣù méjì sí i.

Ibì kan wà tí ìtànṣán àti àìjẹunrekánú ti ń pàdé nínú eyín ọmọ, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí ìyá náà bi mí. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò lójú òfuurufú, strontium-90, èròjà kan tí ìtànṣán ń jáde lára rẹ̀, ń rọ̀ sórí koríko, màlúù ń jẹ ẹ́, ó ń wọ inú wàrà. Strontium jọ kálísíọ̀mù tó bẹ́ẹ̀ tí ara kì í fi í lè yà á sọ́tọ̀ dáadáa, ó sì ń bá a gba inú olóbi kọjá lọ sínú egungun àti eyín ọlẹ̀. Ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, láti ìparí ọdún 1958 títí di 1970, wọ́n kó eyín ọmọdé tó tó nǹkan bí 320,000 jọ, iye strontium-90 inú rẹ̀ sì ń ga sí i bí ìdánwò bọ́ǹbù ṣe ń pọ̀ sí i. Ní 1963 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tó fòfin de ìdánwò lójú òfuurufú. Bí oúnjẹ kò bá ní kálísíọ̀mù tó, strontium tí ara ń dì mú máa ń pọ̀ sí i. Bákan náà ni áyódínì olóró, èyí tí ìtànṣán ń jáde lára rẹ̀: ọ̀fun tí áyódínì gidi kò tó ló máa ń fà á mọ́ra jù, bí ẹṣẹ́ inú ọ̀fun ọmọ, tí wọ́n ń pè ní thyroid, bá sì ṣàìsàn nítorí rẹ̀, eyín rẹ̀ á pẹ́ yọ. Mo ní kí wọ́n yẹ ẹṣẹ́ yẹn wò lára ọmọbìnrin yìí. Ó dára. CT scan ìyá rẹ̀ kò sì fi ohun olóró kankan sínú ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó kọjá ni, kò dúró.

Ohun tí ebi ṣe

Ọlẹ̀ máa ń gba nǹkan bí gíráàmù 30 kálísíọ̀mù lára ìyá rẹ̀ kí oyún tó pé. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ló ń gbà ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn. Mo dúró lórí èyí nítorí ìbéèrè kan tó ń yọ mí lẹ́nu: bó bá jẹ́ pé láti ọ̀sẹ̀ kẹfà ni èébì ti bẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí etí eyín fi mọ́? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ọlẹ̀ ń béèrè kéré, ìyá sì ṣì ní ohun tó kó pamọ́ sínú egungun. Ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, ìbéèrè ọlẹ̀ di ńlá, àpò ìyá sì ti gbẹ.

Fítámì D ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ìfun kí kálísíọ̀mù lè wọlé. Lára ìyá ni ọmọ ti ń gba gbogbo tirẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ìyá tí kò jẹun, tí oògùn kò dúró nínú rẹ̀, tí oòrùn kò sì kàn án, kò ní ohun tí yóò fún un. Nígbà tí wọ́n gé ìwọ́ ọmọ, kálísíọ̀mù tó ń gba olóbi wá dáwọ́ dúró lójijì, ara ọmọ kò sì lè fa tirẹ̀ látinú wàrà. Gìrì ọjọ́ kẹfà nìyẹn. Ní 1973, àwọn oníṣègùn kan nílẹ̀ Bìrìtéènì kọ nípa ọmọ tuntun 112 tí irú gìrì yìí mú. 63 nínú wọn ló ní èèpo eyín tó bàjẹ́ gan-an nígbà tí eyín wọn yọ. Ṣáájú wọn, olùwádìí ará Bìrìtéènì kan, May Mellanby, ti fi ọmọ ajá hàn ní nǹkan bí 1918 pé oúnjẹ tí kò ní ohun tí a wá mọ̀ sí fítámì D máa ń sọ èèpo eyín di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Mo ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Fítámì D rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ 30 nínú ìwọ̀n tí a ń pè ní nánómóòlù fún lítà kan, èyí tó jẹ́ àìtó gidi. Dókítà ọmọdé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìtọ́jú, àti ẹ̀rù

Mo fẹ́ ya X-ray kékeré kan ti eyín ẹ̀yìn tó fọ́, kí n mọ̀ bóyá ó ti dé iṣan. Ìyá kọ̀ jálẹ̀. Mi ò bá a jà. Mo fi gíláàsì àyónómà, ohun tí a fi ń dí eyín, bo orí àwọn eyín ẹ̀yìn, mo ń fi fúlọ́ráìdì kun gbogbo eyín lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, mo sì kọ́ ìyá pé ọṣẹ eyín tó ní fúlọ́ráìdì, tí kò ju hóró ìrẹsì kan lọ, ni kó máa lò. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbà yẹn, eyín tó fọ́ náà wú, ọmọ kò sùn fún òru méjì. Ọjọ́ yẹn ni ìyá gbà. Èyí dùn mí gan-an, nítorí pé gbólóhùn kan tí ẹnì kan kọ láìṣe ìṣirò ló dá ọmọ yìí dúró nínú ìrora tí kò tọ́ sí i.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rin nígbà tí ìyá tún lóyún. Èébì tún dé. Ó pè mí nítorí eyín tirẹ̀ tó ń dùn ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí n tó sọ̀rọ̀ X-ray. Mo sọ fún un pé X-ray eyín kan kì í jẹ́ kí ohun tó tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílígíréè dé ilé ọmọ, àti pé ìtànṣán inú ilẹ̀ àti ojú ọ̀run tó ń kan gbogbo aboyún ní oṣù mẹ́sàn-án ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ya á. Àmọ́ ohun tó ká mi lára jù ni lẹ́tà tí mo kọ sí dókítà oyún rẹ̀ lọ́jọ́ náà: ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́jú èébì yìí ní kíá, ẹ wọn fítámì D rẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó lọ sílẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn èébì àti fítámì D, ìwúwo rẹ̀ sì dúró. Ní Denmark, àwọn olùwádìí fún àwọn aboyún kan ní 2,400 IU (ìwọ̀n tí a fi ń ka fítámì) fítámì D kún 400 tí gbogbo wọn ń lò. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn pé ọdún mẹ́fà, nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àbùkù lára èèpo eyín àgbà, nígbà tí àwọn tí ìyá wọn lo 400 nìkan lé ní 27. Eyín ọmọ kejì tó ti yọ mọ́ tónítóní. Ọmọ kan ṣoṣo kò tó fi ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n inú mi dùn láti rí i.

Eyín tó bọ́

Àkọ́bí pé ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́ta, eyín iwájú ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan sì bọ́. Ìyá fi bébà wé e wá fún mi, ó bi mí bóyá mo ṣì lè rí nǹkan kan lára rẹ̀. Mo tọrọ àyè láti gé e. A bẹ́ ẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá, a sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Eyín tó bá ń kọ́ èèpo lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ máa ń ní ìlà kan nínú tó dúró fún ọjọ́ yẹn. Ìlà ti ọmọ yìí fẹ̀, ó sì ṣókùnkùn. Èèpo eyín tún ní àmì wẹ́wẹ́ tó ń fi iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan hàn, nítorí náà a kà á sẹ́yìn láti ìlà ìbí. Èèpo náà rí jákujàku sẹ́yìn dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 11. Lẹ́yìn ìyẹn ó mọ́. A ń kà lọ, ó ń mọ́ sí i, títí a fi dé ibi tí ọ̀sẹ̀ CT scan yóò wà, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 19 ṣáájú ìbí. Kò sí àmì kankan níbẹ̀.

Mo ní kí ìyá wò ó fúnra rẹ̀. Mo fi ìka tọ́ka sí ibi tí ọ̀sẹ̀ náà wà lójú àwòrán. Ó wò ó pẹ́. Ó bi mí pé, "Ṣé ibí yìí ni, Dókítà? Ibi tó funfun yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó tún béèrè ibi tí ebi bẹ̀rẹ̀ sí, mo sì fi ìyẹn náà hàn án. Ó ní òun gbìyànjú láti jẹun nígbà náà. Mo sọ fún un pé mo mọ̀, ó wà nínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀ pé ó ń gbìyànjú. Àwa tó yẹ ká béèrè nípa oògùn tí kò dúró ni a kò béèrè.

Eyín àgbà àkọ́kọ́ ti ń yọ lẹ́yìn ẹnu ọmọ báyìí. Àsìkò ìbí ni eyín yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í di líle, àpá pípọ́n kékeré kan sì wà lórí igun rẹ̀ kan lápá òsì. Mo ti fi ohun ìdí-kòtò dí i kó tó yọ tán, máa sì wò ó lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí wọ́n tó lọ, ìyá gbé ìwé àtijọ́ yẹn kalẹ̀ lórí tábìlì mi, ó ní kí n jọ̀wọ́ kọ ọ́ sínú fáìlì ọmọ òun pé X-ray kọ́. Mo kọ ọ́ lójú rẹ̀, mo lẹ àwòrán eyín náà mọ́ ọn, mo sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ ìwé àkọ́kọ́.